Íǹṣì Mélòó Ni Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ Rẹ?

Ní ọdún 1971, nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹrin, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ilé ìwé wa á san kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ ayé ìgbà yẹn ni mo ń sọ o, èyí tí méjìlá rẹ̀ jẹ́ sílè kan, kì í ṣe kọ́bọ̀ tó bá náírà wọlé ní oṣù kìíní ọdún 1973. Mọ́nítọ̀ ló máa ń kọ orúkọ sílẹ̀, agolo mílíìkì tí wọ́n dá ihò sí lórí la sì máa ń ju owó náà sí. Nínú gbogbo tíṣà wa, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó san kọ́bọ̀ yẹn. Tíṣà físíìsì wa ni.

Ohun tó bi wá lọ́jọ́ náà ni pé, bí èèyàn bá rí ejò lójú ọ̀nà oko, yóò ti pẹ́ tó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fò sẹ́yìn? Ọmọ tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ ni mí nígbà náà. Mo ti nawọ́ sókè kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnu mi sì yọ̀: "Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, sà!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mọ́nítọ̀ ti ń wá bíírò rẹ̀. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó mú rúlà onígi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan lórí tábìlì, ó rìn wá síbi tí mo jókòó, ó sì fi Yorùbá pọ́ńbélé, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú ẹnu rẹ̀, bi mí pé, "Íǹṣì mélòó ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ rẹ?" Lẹ́yìn náà ló na kọ́bọ̀ méjì sí mọ́nítọ̀, tirẹ̀ àti tèmi.

Ó ní kí n gbé apá lé etí tábìlì kí ọwọ́ mi yọ síta, kí n ya àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bu iyọ̀. Ó di orí rúlà mú, ó jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ ní ìdúró, tí ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ fi wà láàárín ìka mi méjèèjì láìkàn wọ́n. "Bí o bá ti rí i pé ó ń bọ́, gbá a mú. Má fi ọwọ́ lé e lọ sílẹ̀ o, ìka nìkan ni kó pa dé." Ó dákẹ́. Mo tẹjú mọ́ rúlà náà títí omi fi fẹ́ yọ lójú mi. Ó tú ìka. Kí tèmi tó pa dé, íǹṣì mẹ́jọ ti kọjá lọ. A ṣe é nígbà mẹ́wàá. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí méje, ó sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́fà, ibẹ̀ ló dúró sí. Mo gbìyànjú, mo la ojú, mo fún eyín pọ̀, kò kúrò ní mẹ́fà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe físíìsì á fẹ́ mọ bí íǹṣì ṣe ń di àkókò. Ohun tó bá ń já bọ́ kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà, bí ilẹ̀ ṣe ń fà á ló ń yára sí i, ìyára yẹn sì jẹ́ ohun tí a mọ̀: ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 32 ló ń bù kún eré rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọwọ́ rẹ ti bá rúlà ti sọ iye àkókò tó kọjá. Sọ íǹṣì rẹ di ẹsẹ̀ bàtà, fi 16, ìdajì 32, pín in, kí o wá nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní ohun tó kù lọ́wọ́. Odidi ẹsẹ̀ bàtà kan á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, géérégé. Íǹṣì mẹ́ta á já sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Íǹṣì mẹ́fà tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 18 nínú 100.

Tíṣà mọ̀ pé ìṣirò yìí á lé ọ̀pọ̀ nínú wa sá. Lọ́jọ́ kejì ó mú igi pẹlẹbẹ kan wá, ó lẹ bébà funfun mọ́ ọn, ó ti fi tàdáwà fa ìlà márùn-ún sí i. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹni tó bá gbá igi náà mú lè ka àkókò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìṣírò ohunkóhun. Ìlà kìíní kò kúrò ní ìdajì íǹṣì. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ íǹṣì méjì. Ẹ̀kẹta lé díẹ̀ ní mẹ́rin, ẹ̀kẹrin kù díẹ̀ kó pé mẹ́jọ, ìkarùn-ún wà lórí méjìlá. Ọmọ káfíńtà kan wà láàárín wa, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, kì í sọ̀rọ̀. Ó wo igi náà títí, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́ bẹ Tíṣà pé kó jẹ́ kí òun bá a tún ìlà náà fà, nítorí wọn kò dọ́gba rárá. Tíṣà fi ọwọ́ lé e léjìká, ó sì sọ fún wa pé ọmọ yìí nìkan ló wo iṣẹ́ òun dáadáa. Àìdọ́gba yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Àkókò ń lọ ní dọ́gbadọ́gba, rúlà ní tirẹ̀ ń sáré sí i. N kò mọ ìwé tó lè là mí lọ́yẹ báyẹn nípa ohun tó ń já bọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo gbé rúlà lọ bá bàbá mi. Bàbá kò ka ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó lè kọjá lẹ́nu rẹ̀ kó má tú u wò. Ó ní ṣebí ìṣẹ́jú ni kí èèyàn ṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá sì ni ti àáyá, ọ̀bọ tí ojú rẹ̀ kì í gbélé; kí ni àwọn òyìnbó tún ń fi igi wọ̀n? Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bàbá kò jìnnà sí òótọ́. Ìṣẹ́jú tí ojú fi ń pa dé tó tún là máa ń tó ìdá kan sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ti aago. Ẹni tó bá ṣẹ́jú ní àsìkò tí rúlà bọ́, rúlà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan lè ti kọjá tán kó tó la ojú. Bàbá fúnra rẹ̀ gbá a mú ní íǹṣì mẹ́sàn-án, ó ní ọwọ́ àgbẹ̀ kì í kánjú.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ròyìn gan-an ni ti sílè márùn-ún. Tíṣà yọ owó bébà jáde lápò, ó ní ẹni tó bá lè gbá a mú, tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní sílè márùn-ún nílé ìwé wa, ọlọ́lá ni, nítorí náà gbogbo kíláàsì tò. Àdéhùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àárín owó náà ni ìka rẹ á ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀. A kò fura. Owó bébà kò gùn ju bí íǹṣì mẹ́fà lọ, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, íǹṣì mẹ́ta sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí ojú àti ọwọ́ ọmọ aráyé kò lè bá. Bí ewé tó ń já bọ́ ni owó náà ń kọjá láàárín ìka wa. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló ti kùnà kó tó kàn mí. Ṣùgbọ́n èmi ti ń ṣọ́ nǹkan kan láti ẹ̀yìn: kí Tíṣà tó tú ìka, á kọ́kọ́ fa èémí símú. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Nígbà tó kàn mí, n kò wo owó rárá, imú rẹ̀ ni mo ń wò. Ó fa èémí, mo pa ìka dé, owó wà lọ́wọ́ mi.

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ilé ìwé wá yọjú lójú fèrèsé. Tíṣà kò bínú, kò sì gba owó rẹ̀. Ó ní kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fa èémí símú kíkankíkan, kò sì tú ìka. Ìka tèmi ti pa dé mọ́ owó tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo dúró síbẹ̀ bí olè tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Ìwọ kò gbá a mú," ni Tíṣà wí, "ìwọ lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà." Mo fi sílè márùn-ún náà ra sàdíìnì àti búrẹ́dì, èmi àti ọmọ káfíńtà la jọ jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá ó kó wa jáde sí pápá. Àwa 36 di ọwọ́ ara wa mú ní òbìrípo, a pa ojú dé. Ẹni àkọ́kọ́ á fún ọwọ́ ẹnì kejì, ẹnì kejì á fún ti ẹ̀kẹta, títí á fi yí ká, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló sì ní aago eré ìje lọ́wọ́ kejì. Lẹ́ẹ̀kìíní ó gbà wá tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Nígbà tí a ti ṣe é títí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí méje. Ẹ pín in fún 36, ẹ ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí rúlà sọ. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti rúlà lọ, nítorí kò dójú ti ẹnì kan. Gbogbo wa la jọ lọ́ra. Lẹ́yìn náà ló ní kí a jókòó sílẹ̀, kí oníkálukú di ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e mú. Iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ó lọ́ra sí i. A yí i padà sí èjìká, ó yára. Ìyàtọ̀ náà lé ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá fún gbogbo wa, a sì ń wo ara wa. Kí ló fà á?

Ìròyìn láti ọrùn ẹsẹ̀ ní ọ̀nà tó jìn láti rìn kó tó dé orí, òun ló fà á. Nínú iṣan ni ìròyìn náà ń gbà, kì í sì í fò. Tíṣà sọ fún wa nípa Hermann von Helmholtz, ará Jámánì tó wà ní Königsberg, ẹni tó wọn eré yìí nínú iṣan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ní ọdún 1850, lẹ́yìn tí ọ̀gá rẹ̀ pàápàá, Johannes Müller, ti gbà pé ó ṣòro kí èèyàn rí ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Ohun tí Helmholtz rí sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tíṣà ní kí a ṣírò rẹ̀ sí máìlì. Ó jẹ́ nǹkan bí 60 ní wákàtí, bí eré bọ̀lẹ̀kájà tó ń sáré lọ sí ọjà. Ti èèyàn yára ju ti ọ̀pọ̀lọ́ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí bọ̀lẹ̀kájà kékeré kan nínú ẹsẹ̀ mi, tó ru ẹrù ìrora lọ sí ọpọlọ nígbàkígbà tí mo bá fẹsẹ̀ kọ òkúta.

Ìjà ṣẹlẹ̀ ní pápá yẹn náà. Aago méjì mìíràn tún wà, ọmọ méjì ló sì ń tẹ̀ wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tí ọ̀kan kọ sílẹ̀ sì máa ń pẹ́ ju ti ìkejì lọ nígbà gbogbo. Wọ́n pè é ní ọ̀lẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti sọ ìtàn David Kinnebrook fún wa, ọmọ iṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ìràwọ̀ bó ṣe ń kọjá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú awò, kó sì máa fi etí gbọ́ aago kó lè kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó ń kọ fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀, Nevil Maskelyne. Ọ̀gá kìlọ̀ fún un, kò yí padà, ni wọ́n bá lé e ní ọdún 1796. Ó kú ní 1802. Ó tó bí ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí Friedrich Bessel, ní Königsberg kan náà, tó fi ara balẹ̀ fi àwọn awòràwọ̀ wé ara wọn, tó rí i pé kò sí ẹni méjì tí ojú àti ọwọ́ wọn ń rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà, títí kan àwọn ọ̀gá. Títí di òní, inú mi kì í dùn bí mo bá rántí ọmọ yẹn. Kò ṣe ohun tó burú ju pé ara rẹ̀ kì í ṣe ara ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ní pápá nu ojú, Tíṣà sì ní kó máa tẹ aago rẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá ń pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, a lè yọ pípẹ́ rẹ̀ kúrò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò ní apá òsì ọ̀nà, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, 1972, ọjọ́ Àìkú Ọdún Àjíǹde. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú. Tíṣà lo àǹfààní rẹ̀: ó di igi oníyáàdì kan mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ó ní kí n ya ìka ọwọ́ méjèèjì. Èyí tó bá bọ́ ni kí n gbá mú, kí n má fọwọ́ kan ìkejì. Íǹṣì mẹ́fà mi fò lọ. Mo di íǹṣì 16, mo di 17, nígbà mìíràn ọwọ́ tí kò yẹ ló máa pa dé. Ó ní ará Netherlands kan, Donders, ti tẹ irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1868: bí ohun tí èèyàn máa yàn bá ti di méjì, yíyàn náà ní àkókò tirẹ̀ tí ó ń gbà lọ́tọ̀.

Mo sáré gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tó ń wa bọ̀lẹ̀kájà. Mo ṣàlàyé fún un pé mọ́tò tó ń sáré 30 máìlì ní wákàtí ń lọ ẹsẹ̀ bàtà 44 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹsẹ̀ bàtà 30 sílẹ̀ fún ìrònú nìkan kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì, nítorí dírẹ́fà kì í jókòó ti rúlà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ìwọ fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò ni?" Síbẹ̀ ó so aṣọ pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọjọ́ Àjíǹde yẹn, kó lè máa rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà á láìséwu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ bẹ́ sójú ọ̀nà ní kọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ yí mọ́tò sí òsì bó ṣe máa ń ṣe láti ogún ọdún. Ẹlòmíràn sì ń bọ̀ níbẹ̀. Ó yà á padà, ó wọ kòtò pẹ̀lú iṣu àti èrò inú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó kú. Nígbà tí mo lọ kí i, ó na ọwọ́ tó so aṣọ pupa mọ́ sí mi, ó ní, "Ọmọ ìwé, orí mi mọ̀, ọwọ́ yìí ni kò tíì gbọ́."

Èmi náà di tíṣà físíìsì. Mo fi bí ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìdajì rẹ̀ nínú láàbù tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju sínkì tí omi kì í yọ nínú rẹ̀. Rúlà kò wọ́n mi rí. Íǹṣì di sẹ̀ǹtímítà, 32 di 9.8, igi onílà tí mo fa fúnra mi rọ́pò ti Tíṣà: sẹ̀ǹtímítà márùn-ún fún ìdá kan nínú mẹ́wàá, ogún fún ìdá méjì. Mo tún fi ohun kan kún un tí Tíṣà kò ṣe fún wa. Mo máa ń ní kí ọmọ pa ojú dé, kí n tẹ agogo kékeré ní àkókò kan náà tí mo tú ìka, kó lè fi etí gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yára ju ti ojú lọ, wọn kì í sì í gbà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré ju ìró lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé kan ṣoṣo ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Inú ojú ni ìdádúró wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti gbọ́dọ̀ di ohun tí iṣan lè gbé kó tó lọ, iṣẹ́ tí etí ń tètè parí.

Nígbà tí Tóbi Àmùsán, ọmọ Ìjẹ̀bú, sá eré 100 mítà tí wọ́n ń fo ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ìlú Eugene ní oṣù keje ọdún 2022, gbogbo ilé ń fò sókè, èmi ń wo irin tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tì ní ìbẹ̀rẹ̀. Irin yẹn ń ka ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gbéra kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé lẹ́yìn ìbọn, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, nítorí wọ́n gbà pé kò sí etí tó lè gbọ́ kí ẹsẹ̀ sì dáhùn kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ó ti lọ pàdé ìbọn lọ́nà. Mo rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Wọn ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé rúlà oníke wá bá mi ní fàráǹdà, ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní nǹkan kan níléèwé, kí n ya ìka. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé apá lé tábìlì. Sẹ̀ǹtímítà 27. Òun fúnra rẹ̀ gbá tirẹ̀ mú ní 17. A tún un ṣe, 28. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí pé kí n má jẹ́ kó dùn mí, àgbà ló dé. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé kó tó tú ìka, ó máa ń tẹ ètè ìsàlẹ̀ sínú díẹ̀.

Mo ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta.

Ó wo rúlà, ó wo ojú mi, ó tún wo rúlà. "Bàbá àgbà! Ojóró lẹ ṣe!"